Òfin Kẹta àti Fìlà Elétí Ehoro

Bísíríyù ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí ná kí ẹ tó gbọ́ ìyókù, nítorí bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, ó lè dà bí ẹni pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ọjọ́ tí èmi àti Bísíríyù jọ dúró níwájú àwọn aṣọ́bodè àti gbogbo ìyá tí ń gba ẹnubodè kọjá, tí etí ehoro mẹ́rin ń mì lọ́tùn-ún lósì níwájú mi, kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi sin.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìwé ní Ìgbó-Ọrà àti Èrúwà. N kò di ọ̀gá ilé-ìwé, nítorí ọkùnrin tí ó yẹ kí ó kọ̀wé rere nípa mi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìjọba pé ẹnu mi mú ju abẹ lọ. Ó ti kú báyìí. Ẹnu mi ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì tí ilé sú mi, mo dara pọ̀ mọ́ àwọn ìyá tí ń gbé ẹ̀gúsí lọ sí Kétu, ní òdìkejì ààlà. Ilẹ̀ bàrà ni ilẹ̀ Ìbàràpá, kò sí ẹ̀gúsí tí ó funfun bí tiwa, àwọn ará Kétu sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àpò méjì péré ni mò ń gbé lọ. Bí mo bá tà á tán, mo máa ń ra ọṣẹ àti aṣọ ọmọdé bọ̀. N kì í gbé ohun tí ìjọba kà léèwọ̀. Mo ti na ọmọ nítorí ẹyọ ẹfun ìkọ̀wé kan rí, n kò lè wá dàgbà tán kí n máa fi ìrẹsì pamọ́ sábẹ́ ẹ̀gúsí.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò náà ni wọ́n gbé Bísíríyù wá sí ẹnubodè. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin lè yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀. Ó dá mi dúró.

"Ìyá àgbà, kí ló wà nínú àpò yìí?"

"Ẹ̀gúsí."

"Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀gúsí?"

"Ẹ̀gúsí."

"Lábẹ́ ìyẹn ńkọ́?"

"Ìdí àpò."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Bísíríyù gbé àpò kìíní, ó dà á sílẹ̀. Ó gbé èkejì, ó dà á lé e lórí. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tí atẹ́gùn kò gbé lọ, àwọn adìẹ ẹnubodè fi ṣe ọdún. Ó fi bàtà tú u síbí, ó fi tú u sọ́hùn-ún, kò rí nǹkan kan. Mo dúró kí ó bẹ̀ mí. Ó gbọn iyanrìn kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ojú onífàyàwọ́ lẹ ní ni."

Èmi. Ojú tí ó ti dá odindi kíláàsì mẹ́fà lẹ́kun ariwo láìsọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ ni mo jókòó sí títí oòrùn fi rọ̀, tí mò ń ṣa ìyókù ẹ̀gúsí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú mọ́tò, Ìyá Mùsílì, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe, tí ó yẹ kí ó bá mi kẹ́dùn, fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Màmá Tísà, ẹ yíjú síbí kí n wo ojú onífàyàwọ́ náà. Ṣé imú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ni, àbí iwájú orí?" Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn, Màmá Tísà. Mo bí ìbejì, ṣùgbọ́n ní Ìgbó-Ọrà, bí ẹ bá ké pe Ìyá Ìbejì lójú ọ̀nà, ìdajì àdúgbò ni yóò dá yín lóhùn.

Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà pé n óò rí ẹ̀yìn Bísíríyù ní ẹnubodè náà.

Lóòótọ́, kì í ṣe òun nìkan. Nígbà náà, àárín àwa àti àwọn aṣọ́bodè dà bí àárín ológbò àti èkúté. Wọ́n á dá wa dúró láti àárọ̀, wọn kò ní sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, a ó sì mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ìyá mìíràn á sùn sórí àpò rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbé ọ̀gá tuntun dé. Obìnrin ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ tutù, a sì máa kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà kí ó tó ní kí wọ́n tú ẹrù. Ó wá bá wa ní Ìgbó-Ọrà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ilé-ìwé, orókún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ sọ ohun tí à ń ṣe fún yín. Bí ẹ bá ti sọ tán, àwa náà á sọ tiyín."

A sọ tiwọn, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò jiyàn. Ó wá kan tiwa. Ìyá Mùsílì ló kọ́kọ́ dìde, ó jẹ́wọ́ pé òun ti so tòlótòló inú yìnyín mọ́ ikùn gba ẹnubodè kọjá rí bí ẹni tó lóyún.

Ọ̀gá ní, "A mọ̀, Màmá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sọ fún mi. Wọ́n ní omi ń kán nínú oyún náà, ẹni tó sì lóyún ọ̀hún ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ojú ló tì wọ́n láti béèrè."

Ẹ̀rín tí ọ̀rọ̀ yẹn pa wá ló tú wa lára. Ọjọ́ náà ni a ṣe àdéhùn. Wọ́n máa ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún àwa tí a kì í gbé ju àpò méjì lọ, kí a lè máa lọ kí a máa bọ̀ láìsí ìdádúró. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ òfin rẹ̀, torí èmi ni mo kàwé. Òfin kìíní: aṣọ́bodè kò gbọdọ̀ da ọjà ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí ó fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú ẹni tó ni ín. Òfin kejì: oníṣòwò gbọ́dọ̀ dárúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹrù rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan pamọ́. Òfin kẹta ni ó wà lọ́kàn mi jù, mo sì kọ ọ́ bí ẹni tí ń dẹ pańpẹ́ fún òkété: oníṣòwò kankan kò gbọdọ̀ fún aṣọ́bodè ní ohunkóhun, ìbáà ṣe omi mímu, ìbáà ṣe òun tìkára rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àna rẹ̀ tàbí ọmọ ìkókó rẹ̀.

"Ọmọ ìkókó kẹ̀?" Ìyá Mùsílì ní. "Kí lọmọ ìkókó fẹ́ fi ẹ̀gúsí ṣe, kò ì héyín?"

"Mo mọ ohun tí mò ń kọ."

Bísíríyù ni mò ń kọ. Mo mọ̀ pé bí a bá tì í mọ́ ẹnu ọ̀nà, yóò gba ti fèrèsé. Ìjìyà rẹ̀ náà, èmi ni mo fà á kalẹ̀: aṣọ́bodè tó bá gba nǹkan tí kò sì fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn, wọn yóò gbé e kúrò ní ẹnubodè; bí ẹni tó fúnni ní nǹkan bá dìde jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ nínú ìpàdé, kò ní gba ẹnubodè kọjá fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta. Bí ó bá fi pamọ́ tí àṣírí sì tú, àdéhùn fọ́, ìlà tiwa di títì, kí gbogbo wa padà sórí àpò wa lọ sùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan náà dára. Àárọ̀ la ń lọ, ọ̀sán la ti ń bọ̀. Wọ́n kọ òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára pátákó, wọ́n gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà wa. Àwọn aṣọ́bodè bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ ọmọ wa, àwa náà ń béèrè ìlera ìyá wọn. Ọkọ Ìyá Mùsílì nìkan ló ráhùn, ó ní ìyàwó òun ti ń tètè délé jù.

Inú gbogbo ènìyàn dùn, àfi èmi. Bísíríyù ti wá di ọmọ dáadáa mọ́ mi lọ́wọ́. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ọ̀nà o." Èmi á ní, "Hùn." Ó ń ti ọwọ́ bọ àpò mi jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wá ẹyin lábẹ́ adìẹ. Mo ra ìwé kékeré kan tí n óò máa kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí. Oṣù méjì, ohun tó wà nínú ìwé náà kò ju ọjọ́ àti déètì lọ.

Ni mo bá dán an wò. Mo gbàgbé ẹ̀pà yíyan ìgò kan sórí tábìlì rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé: mo gbàgbé ẹ̀, ojú mi ń wò ó. Mo wọ mọ́tò, ọkàn mi balẹ̀. A kò tíì rìn jìnnà tí awakọ̀ fi ní ọ̀kadà kan ń lé wa bọ̀ kíkankíkan. Bísíríyù ni, ó jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, ó gbé ìgò náà sókè bí ife ẹ̀yẹ.

"Màmá, ẹ gbàgbé ẹ̀pà yín."

Gbogbo inú mọ́tò pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá Mùsílì ní ọmọ tí ó ní ẹ̀kọ́ nìyẹn. Èmi fi ìbínú jẹ ẹ̀pà náà tán kí a tó dé ilé, inú sì run mí dé ọjọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, mo ra fìlà ọmọdé méjì ní Kétu láti fi tà. Àwọ̀ yẹ́lò ni wọ́n, wọ́n rán etí ehoro gígùn méjì-méjì mọ́ wọn lórí, inú etí náà pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ìbàràpá. Láti Kétu dé ẹnubodè, wọ́n ń gba fìlà náà kiri nínú mọ́tò, wọ́n ń gbé e lé ara wọn lórí, wọ́n ń bú mi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, àti pé Bísíríyù kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Mo pa àtẹ mi ní ọjà Ìgbó-Ọrà lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ orin. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń jó bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ, ìkókó kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkókó kan wà láyà rẹ̀. Bí ẹ kì í bá ṣe ará ibí, ẹ lè rò pé agbe ló ń ṣe. Bí obìnrin bá bí ìbejì lọ́dọ̀ wa, àwọn àgbà lè ní kí ó gbé wọn jó yí ọjà po, kí àwọn èèyàn ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹni tó bá fún wọn ló ń gba ire. Èmi náà ti jó bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí orókún mi ṣì ń gbọ́ràn. Bí ìbejì bá dé iwájú wa, ọwọ́ wa kì í béèrè lọ́wọ́ wa kí ó tó nà.

Ọwọ́ mi nà. Ohun tó bà lé ni fìlà ehoro, ọ̀kan fún Táyé, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó tún ijó mú, ẹsẹ̀ èmi náà sì yún mi. Mo jáde nínú àtẹ. Mo jó. Mo jó débi pé ìró mi tú, tí mo sì fi ọwọ́ kan dì í mú, tí mò ń fi ọwọ́ kejì jó lọ. Mo gba ọmọ méjèèjì mọ́ra.

"Níbo ni wọ́n ti bí ọ?"

"Ọmọ ìlú Tápà ni mí, Màmá, ní Ìbàràpá níhìn-ín."

"Bàbá wọn dà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́, Màmá."

"Wò ó, sọ fún bàbá wọn pé mo kí i. Ẹni tí Ọlọ́run bá fi irú eléyìí síkàáwọ́, ènìyàn rere ni. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá ń dẹ pańpẹ́ fún un, ara rẹ̀ ni pańpẹ́ náà yóò mú."

"Àmín, Màmá." Ó sunkún. Èmi náà sunkún. Ọjọ́ náà dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi bú ẹnikẹ́ni títí mo fi sùn.

Ìpàdé wa pẹ̀lú àwọn aṣọ́bodè bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lábẹ́ àtíbàbà ẹnubodè. Ọ̀gá dìde, ojú rẹ̀ kò dán bí ó ti máa ń dán.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Ó ní ìyá kan nínú yín fún àwọn ọmọ òun ní ẹ̀bùn. Kò mọ orúkọ ìyá náà. Ó kàn dá a lójú pé inú ẹgbẹ́ yín ló wà, torí ìyàwó rẹ̀ rí àpò ẹ̀gúsí tí a lẹ nọ́ńbà ìlà yín mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ rẹ̀."

Mo wo apá ibi tí àwọn aṣọ́bodè jókòó sí. Bísíríyù ń wo bàtà rẹ̀. Ọkàn mi fò sókè. Mo ti dìde kí ọ̀gá tó jókòó, ìwé àdéhùn lọ́wọ́ mi, awò ojú mi ní ṣóńṣó imú.

Mo ka òfin kẹta fún wọn bí ẹni tó ń ka àbájáde ìdánwò. Nígbà tí mo dé "ọmọ ìkókó", mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo wo Ìyá Mùsílì lójú. Mo ní, "Ẹ rí i? Wọ́n ní kí ni ọmọ ìkókó fẹ́ fi ẹ̀bùn ṣe. Ẹ ti rí ohun tó fi í ṣe. Ẹni náà wà láàárín wa, ó jókòó, ó mọ ara rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ìtìjú. Nítorí ọ̀kánjúwà tirẹ̀, ṣé kí gbogbo wa padà sórí àpò? Bí ó bá jẹ́ ọmọ ire, kí ó dìde."

Kò sẹ́ni tó dìde. Èmi nìkan ni mo wà lórí ìdúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ohùn obìnrin kan fi dún lẹ́nu ọ̀nà àtíbàbà. "Ẹ kú ìjókòó o. Mo ní kí n gbé àwọn ọmọ wá kí àwọn ọ̀gá bàbá wọn." Mo yíjú. Mo kọ́kọ́ rí etí. Etí mẹ́rin, àwọ̀ yẹ́lò, tí ń mì.

Ọmọ Tápà náà rí mi, ojú rẹ̀ tàn bí àtùpà. "Bàbá Ìbejì, ìyá àgbà tí mo sọ rè é o. Òun ló jó." Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gbé Kẹ́hìndé lé mi lọ́wọ́, lórí ìwé àdéhùn.

Gbogbo àwọn tó wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà mọ fìlà yẹn. Wọ́n ti dé e rí. Ìyá Mùsílì fi etí ìborùn di ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi. Mo lè sọ pé n kò mọ obìnrin náà rí, pé fìlà jọra. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan sì já irọ́ mi, mo ti ti ìlà àwọn ìyá pa nìyẹn. Tàbí kí n jẹ́wọ́ níwájú Bísíríyù.

Mo fẹ́ jókòó kí n ronú. Ibi tí mo jókòó sí, wọ́n ti sún bẹ́ǹṣì kúrò kí Ìyá Ìbejì lè ráyè kọjá. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi, ọmọ wà lókè lọ́wọ́ mi, nǹkan kan kò ṣe é. Ibẹ̀ ni Kẹ́hìndé wá tọ̀. Ó tọ̀ sórí ìwé àdéhùn láìkánjú. Yíǹkì òfin kẹta yọ́, ó ṣàn sára ìró mi.

Láti ilẹ̀ yẹn ni mo ti sọ ọ́. "Èmi ni. Mo fún wọn. N kò mọ ẹni tó bí wọn. Bí mo bá mọ̀ ọ́n náà, kò dá mi lójú pé ọwọ́ mi ò ní nà. Ẹ má fìyà jẹ àwọn tó kù."

Bísíríyù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rò pé ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ gbà. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò mọ̀. Ìyàwó mi ní ìyá náà wúre fún mi títí òun fi sunkún. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, èpè ni mo mọ̀ tí àwọn ìyá ń fún mi." Ó wá yíjú sí mi. "Màmá, ẹ̀gúsí yín tí mo dà sílẹ̀, ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bẹ̀ yín. Bí mo bá ti kí yín, 'hùn' lẹ máa ń wí. Mi ò mọ ohun tí èèyàn fi ń dáhùn hùn."

Ọ̀gá ní ẹ̀bùn ìbejì kì í ṣe é gbà padà, ẹni tó bá gbà á padà á ríran. Ó ní Kẹ́hìndé sì ti bá wa pa òfin kẹta rẹ́, kí a tún un kọ. A kọ ọ́ níbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ta ọmọ tuntun lọ́rẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé, níṣojú gbogbo wa. Wọ́n ní àwọn á fojú fo ìjìyà mi. Mo kọ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, n óò jẹ ẹ́. Ọjọ́ ọjà mẹ́ta ni mo fi jókòó sílé. Ìyá Mùsílì bá mi ta ẹ̀gúsí mi, ó sì ń ròyìn ijó mi fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni ọmọ Tápà gbé àwọn ọmọ wá kí mi.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹni tó bá ń dẹ pańpẹ́ de ọ̀tá kí ó kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wò bóyá ó mọ ijó jó. N kò tíì gbàgbé ẹ̀gúsí mi o. Ṣùgbọ́n mo ti fa ìwé kékeré náà ya, Ìyá Mùsílì fi í wé ẹ̀pà.

Ọjọ́ tí mo padà sí ẹnubodè, Bísíríyù ló wà níbi ìlà.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló wà nínú àpò?"

"Ẹ̀gúsí."

"Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀gúsí?"

"Ẹ̀gúsí."

Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, níṣojú mi, gẹ́gẹ́ bí òfin kìíní ti wí. Ọwọ́ náà dúró. Nígbà tí yóò fà á jáde, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé méjì-méjì ni ó mú, aláwọ̀ yẹ́lò, èyí tí mo fi pamọ́ síbẹ̀ kí n lè fi ta àwọn ìbejì lọ́rẹ lójijì nínú ìpàdé ọ̀sán ọjọ́ náà. Òfin kejì ti yọ lọ́kàn mi pátápátá. Àwọn ìyá tó tò sẹ́yìn mi ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì ti gba ẹnu èmi náà kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ náà gbé ìbọ̀sẹ̀ sókè kí gbogbo ìlà rí i, ó mi orí, ó ní:

"Màmá, mo ti sọ fún yín lọ́jọ́ kìíní. Ojú onífàyàwọ́ lẹ ní."